Ìrìnàjò Mi Lọ Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Àwọn Ayàwòrán Onífíìmù

Láti ìgbà tí mo ti padà sídìí kámẹ́rà onífíìmù, irú èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò kí kámẹ́rà ìgbàlódé tó dé, ni mo ti ń lọ síbi tí àwọn ayàwòrán bá ti fẹ́ bá àwùjọ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ wọn, kódà bó bá jẹ́ ìlú tí mo ní láti sùn mọ́jú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń bi mí pé kí ni mo ń wá kiri, nígbà tí ìwé àwòrán pọ̀ nílẹ̀, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì kún fún fọ́tò ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè wò tán lọ. Ìdáhùn mi ni pé àwòrán tó yege ni ìwé ń fi hàn wá. Ẹnu ẹni tó yà á la ti ń gbọ́ nípa àwọn tí kò yege.

Ìrìnàjò ẹni tó gbé fíìmù dání ní wàhálà tirẹ̀. Fíìmù tí a kò tíì fọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú báàgì tí a ó fà lé àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́, nítorí ìtànṣán X-ray tí wọ́n fi ń yẹ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wò lágbára débi pé ó lè bà á jẹ́. Àwọn ẹ̀rọ CT tuntun, tó ń fi X-ray wo inú ẹrù láti ìhà gbogbo, tí wọ́n ń lò fún ẹrù àfọwọ́gbé náà léwu fún un. Inú ọ̀rá tó mọ́ gaara ni mo máa ń kó tèmi sí, tí n óò sì bẹ òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pé kó jọ̀wọ́ fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan a gbà wẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn a kọ́kọ́ bi mí bóyá wọ́n ṣì ń ta fíìmù rárá.

Ìpàdé kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ìyá àgbàlagbà kan ni wọ́n pè sórí pèpéle, ẹni tó ti ń fi fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Dípò kí màmá yìí máa fi àwọn àwòrán rẹ̀ tó dára jù lọ hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, contact sheet ló gbé sójú ògiri, ìyẹn bébà tí wọ́n tẹ gbogbo àwòrán inú fíìmù kan sí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn gan-an. Àwòrán 36 ni, ọmọdé kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló sì ń yà. Nínú ti àkọ́kọ́, ọmọ náà dúró gbagidi. Nínú ìkẹta, ó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Nígbà tó fi máa di ìkẹsàn-án, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ti sú u, ó ti ń fi èékánná ha ọ̀dà ara ilẹ̀kùn. Èyí ni màmá fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà yí ká. Lẹ́yìn náà ló ní ká wo èyí tó tẹ̀ lé e: ó ti sún mọ́ ọmọ náà jù, ọmọ ti gbójú sókè, ọwọ́ ti kúrò lára ilẹ̀kùn. Màmá ní ìkánjú òun ló lé àwòrán náà lọ. Ká ní kámẹ́rà ìgbàlódé ni, ó ṣeé ṣe kó ti pa àṣìṣe yẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀, àwa ìbá má sì rí bí èyí tó dára ṣe wáyé.

Ní ìlú mìíràn, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ayàwòrán kan tó fi iṣẹ́ àwọn méjì tó ti di olóògbé ṣàlàyé sùúrù. Seydou Keïta, tó ṣí ilé ìyàwòrán ní Bamako, olú ìlú Mali, ní ọdún 1948, máa ń lo kámẹ́rà ńlá tí nẹ́gátíìfù rẹ̀ (fíìmù tí a ti fọ̀, tí ibi dúdú ti máa ń mọ́, tí ibi mímọ́ sì máa ń dúdú) jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13 ní ìbú àti 18 ní gígùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń ya oníbàárà, nítorí owó fíìmù. Iṣẹ́ ti parí kó tó tẹ kámẹ́rà: ó ti yí orí ẹni náà sí ẹ̀gbẹ́, ó ti gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ibi tó yẹ. Garry Winogrand ará Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ń yà lọ ràì ní òpópónà, a sì máa fi fíìmù sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó fọ̀ ọ́, kí ayọ̀ ọjọ́ tó yà á má baà tàn án jẹ nígbà tó bá ń ṣàṣàyàn. Nígbà tó kú ní 1984, fíìmù bí 2,500 tí wọn kò tíì fọ̀ ló fi sílẹ̀. Ti Keïta ló wù mí jù, ṣùgbọ́n mo ti jí àṣà Winogrand yẹn lò.

Àkókò ìbéèrè kì í sábà ní láárí, nítorí irú kámẹ́rà tí olùbánisọ̀rọ̀ ń lò ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Síbẹ̀, ọmọbìnrin kan béèrè ibi tó yẹ kéèyàn ti wọn ìmọ́lẹ̀ kó tó ya àwòrán. Dípò àlàyé gígùn, ayàwòrán náà gbé nẹ́gátíìfù kan sórí àpótí oníná, ó sì pè wá sún mọ́ ọn. Níbi tí ẹ̀wù dúdú yẹ kó wà, fíìmù náà mọ́ gaara, kò sí bọ́tìnì, kò sí ìṣẹ́po aṣọ. Ó ní ibi òjìji ni ká máa wọn, nítorí ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò bá kọ sára fíìmù, kò sí oògùn tó lè yọ ọ́ jáde nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù.

Láti ìgbà náà, mo ń tẹ contact sheet fún gbogbo fíìmù tí mo bá fọ̀, mo sì ń jẹ́ kó pẹ́ lára ògiri kí n tó mú pẹ́ńsù. Ìpàdé tí mo ń múra rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, wọ́n ní kí oníkálukú mú tirẹ̀ dání. Èyí tí mo fẹ́ mú lọ kún fún àwòrán tí kò dára, ọ̀kan péré ni mo fa ìlà yí ká, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun náà ni àwọn tó bá wà níbẹ̀ yóò yàn.