Àyẹ̀wò ọdún 2024: àpótí kan náà ni

Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi láti kọ àyẹ̀wò ọdún yìí, mo sì rí i pé oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ kò gbà ju ìlà mẹ́ta lọ. Òjò pẹ́ kó tó dé. Àgbàdo wọ́n. Ẹ̀rọ ìṣirò bọ́ sínú àgbá omi. Gbogbo ojú ìwé tó kù, ọjọ́ Sátidé kan ló jẹ ẹ́ tán: ọjọ́ tí dépítẹ́, aṣòfin tó ń ṣojú wa, wá jókòó pẹ̀lú wa lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ìwòsàn wa nílẹ̀ Kétu, ní Benin, nínú oṣù keje.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ibẹ̀. Ẹ mọ Ìyá Agbẹ̀bí. Ẹ mọ ọmọbìnrin tó ń fọ aṣọ ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ sì mọ Bàbá Ọdẹ, aṣọ́de wa, tí kì í kí èèyàn lóru, àfi kí wọ́n bi í pé, "Ibà ni àbí ìrọbí?" Torí náà, ẹ jẹ́ n máa lọ.

Dépítẹ́ kò pín aṣọ, kò pín ìrẹsì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń bínú sí i títí di òní nítorí ìrẹsì náà. Ó ní ẹrù méjì ló wà lórí òun: bí aláìsàn ṣe máa rí ìtọ́jú nítòsí, àti bí àwọn ọmọ Kétu ṣe máa ríṣẹ́ ṣe láì jẹ́ pé gbogbo wọn ló gba Kútọnu lọ. Ó ní kí a sọ èyí tí òun máa kọ́kọ́ gbé dé ilé aṣòfin ní Àjàṣẹ́. Àwa ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wa. Láti ẹ̀yìn, lórí bẹ́ńṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ni Bàbá Ọdẹ ti dáhùn: "Ọlọ́lá, ẹ má yan ọ̀kan. Àpótí kan náà ni."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí èmi ni mo ń ka owó inú àpótí náà.

Ẹni tí kò bá jókòó sí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn rí lè má mọ ohun tí Bàbá Ọdẹ ń wí. Láti ìgbà tí àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà ti pàdé ní Bamako ní 1987 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí ilé ìwòsàn kékeré máa ra oògùn, kí ó lé èrè díẹ̀ lé e, kí owó náà má sì kúrò nínú àpótí ibẹ̀, kí àwọn ará ìlú jókòó tì í. Inú èrè yẹn ni ọṣẹ ti ń jáde, àti ìbọ̀wọ́, àti owó àwọn tí ìjọba kò gbà síṣẹ́: aṣọ́de, agbálẹ̀, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan tàbí méjì. Ẹni tí ìjọba rán wá, ìjọba ló ń sanwó fún un. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún yín láago méjì òru, oògùn tí aládùúgbò yín rà lánàá ló ń sanwó fún un. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nílẹ̀ yìí ti di 52.000 sẹ́fà láti oṣù kìíní 2023. Ti Bàbá Ọdẹ kò dé ìdajì rẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹni tó mọ òfin ka ìlà yìí.

Nítorí náà, tí oògùn bá tán, nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Aláìsàn á yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta kóró oògùn lórí àtẹ lọ́jà. Owó iṣẹ́ á sì dúró. Oṣù kejì, aṣọ́de á sọ pé òun fẹ́ lọ wo iṣu òun lóko. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti ń wọnú fíríìjì.

Fíríìjì wa, oòrùn ló ń lò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín òṣùwọ̀n Celsius 2 sí 8. Lásìkò ọyẹ́, eruku pupa a bo àwo tó ń gba oòrùn lórí òrùlé, agbára rẹ̀ a sì máa dín kù láì sí ẹni tó mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló yẹ kí a nù ún, láàárọ̀ kùtùkùtù, pẹ̀lú omi lásán àti aṣọ rírọ̀. Ẹni tó bá da omi tútù sí i lọ́sàn-án gangan lè sán gíláàsì náà, ẹni tó bá sì fi yanrìn ha á ti bà á jẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ aṣọ́de nìyí. Kò sí nínú ìwé ìjọba kankan.

Ohun tó ń bàjẹ́ nínú fíríìjì kì í pariwo. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún obìnrin gbàrà tó bá bímọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya lára rẹ̀, oxytocin, yúníìtì mẹ́wàá nínú ẹran ara, tí ooru bá mú un pẹ́, agbára rẹ̀ ń lọ. Àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà. Ó jọ omi nígbà tó dára, ó ṣì jọ omi nígbà tó ti di omi. Àjẹsára ìpá (tetanus) náà ní tirẹ̀: ooru kọ́ ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù, yìnyín ni. Èyí tó bá ti dì rí, tí ẹ bá mì í, ẹ máa rí i tí ó ṣù, tí ó sì yára rọ̀ sísàlẹ̀ ju èyí tí kò dì lọ. Kí ẹ má gún un fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Agbẹ̀bí máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun létí pé ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni kí a máa ṣí fíríìjì náà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Omi mímu ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Omi tèmi ti wà níbẹ̀ rí. Mo tún tọrọ àforíjì.

Láti 2011 ni ìtọ́jú ibà ti di ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti fún aláboyún. Ó dára, mi ò sọ pé kí wọ́n dá a dúró o! Ṣùgbọ́n oògùn ọ̀fẹ́ kò lérè, èrò sì ń pọ̀ sí i, ọṣẹ àti ìbọ̀wọ́ ń yára tán. Tí owó tó yẹ kí ìjọba fi rọ́pò rẹ̀ bá pẹ́, ara agbálẹ̀ ni pípẹ́ náà ń bọ́ sí.

Ẹ wá jẹ́ n fi àṣìṣe tèmi nínú ìṣirò oògùn tí a ń béèrè fún hàn yín, nítorí ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe é. Ká ní aláìsàn tí a fún ní oògùn ibà jẹ́ 62 ní oṣù kẹta, 90 ní oṣù kẹrin, 30 ní oṣù karùn-ún. Àpapọ̀ rẹ̀ 182. Èmi a fi mẹ́ta pín in, mo rí 61, mo ti parí nìyẹn, ó di ilé ẹlẹ́mu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 15 ni oògùn fi tán pátápátá ní oṣù karùn-ún. Aláìsàn wá, a kàn ní kó máa lọ ni. Oṣù mẹ́ta náà jẹ́ ọjọ́ 92. Tí a bá yọ 15, ó ku 77. Ẹ fi 77 pín 182, ẹ sọ ọ́ di ọgbọ̀n ọjọ́, ó di 71. Oògùn oṣù mẹ́ta la máa ń béèrè fún, méjì fún lílò, ọ̀kan fún ìpamọ́. Tí 20 bá ṣì kù lórí pẹpẹ, ẹni tó ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa á kọ 193. Èmi kọ 163. Ọgbọ̀n aláìsàn ni mo fi kálámù mi yọ kúrò, mo sì ń bú àwọn tó ń fi oògùn ránṣẹ́! Tí oògùn náà bá tún yá tán, ìṣirò oṣù tó ń bọ̀ á tún kéré sí i. Nọ́ọ̀sì tuntun ló tọ́ mi sọ́nà. Ó kéré sí àbígbẹ̀yìn mi. Ọlọ́run á gbé e ga, ṣùgbọ́n kó má máa rẹ́rìn-ín báyẹn mọ́.

Iye ọjọ́ tí oògùn fi tán: òun gan-an ni dépítẹ́ nílò. A kọ́kọ́ gbé ìwé ojú méje fún un, ẹ̀bẹ̀ ló kún inú rẹ̀, oríkì díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó kà á tán, ó ní òun kò lè bi mínísítà ní oríkì. Ó ṣàlàyé bọ́rọ̀ ṣe rí, mo sì gbà pé òótọ́ ló sọ. Dépítẹ́ kì í kọ́ ilé ìwòsàn. Nínú òfin ìpìlẹ̀ 1990, abala 113 fún un ní ìbéèrè àkọsílẹ̀ àti ìbéèrè ẹnu sí ìjọba, àti ìgbìmọ̀ ìwádìí. Abala 107 sì so ọwọ́ rẹ̀: kò lè dábàá ohun tó máa fi kún ìnáwó ìjọba àfi kó sọ ibi tí owó náà ti máa wá, tàbí ohun tí wọ́n máa gé láti fi dí i. Nítorí náà, ìwé tó wúlò fún un kò ju ojú kan lọ: ilé ìwòsàn wo, oògùn wo, láti ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo, ẹni mélòó ni àpótí ń sanwó fún, oṣù mélòó ni a jẹ wọ́n. A tún un kọ níwájú rẹ̀ lórí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà.

Ibi tí a ti ya òmùgọ̀ nìyí o. Ìjókòó àkọ́kọ́ àwọn aṣòfin lọ́dún a máa ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù kẹrin, èkejì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ìkẹyìn oṣù kẹwàá, ọ̀kankan wọn kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ. Ìwé ìṣúná gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ó pẹ́ tán, ní ọ̀sẹ̀ kan kí ti oṣù kẹwàá tó ṣí. Àwa gbé tiwa dé ní àárín oṣù keje, bí ẹni tó fa ewúrẹ́ wọjà lọ́jọ́ kejì ọjà.

Wọ́n ń kọ́ ilé aṣòfin tuntun ní Àjàṣẹ́, ẹ ti gbọ́. Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, ló ya á, igi tí àwọn baba ńlá ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ṣèpàdé ló sì wò yà á. Tiwa ti wà nílẹ̀ ṣáájú tiwọn. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹyẹ ń ṣu síni lórí.

Ní ti iṣẹ́, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, àwọn tó ń ta kpayo, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, lójú ọ̀nà Ìlárá mọ ohun tí ojú wọn rí. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún yìí ni ìjọba fòfin de kíkó kájú tí a kò tíì fọ́ jáde kúrò nílẹ̀ yìí, kí iṣẹ́ fífọ́ rẹ̀ lè dúró síbí. Ó dára. Àwọn ọmọ wa kan ti lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ló máa padà wá ṣọ́ ilé ìwòsàn?

Epo yìí kan náà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ àwọn aláboyún. Láti 2009 ni ìjọba ti ń san 100.000 sẹ́fà fún ilé ìwòsàn lórí iṣẹ́ abẹ ìbímọ kọ̀ọ̀kan, kí obìnrin náà má baà san án. Láti abúlé dé ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Kò sí ẹni tó ń sanwó ìyẹn. Láti ọ̀dọ̀ wa dé ilé ìwòsàn ńlá ní Pọ́bẹ̀, tí ọkọ̀ aláìsàn bá ti jáde lọ, alùpùpù ni. Ó lé ní ogójì kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ á mu bíi lítà méjì, ṣùgbọ́n owó lítà mẹ́ta ni àwọn obìnrin ẹlẹ́gàárì fi sílẹ̀ nínú èsúsú wọn, nítorí epo òru kì í ní iye kan. Aláboyún á wà láàárín, obìnrin kan á dì í mú láti ẹ̀yìn. Kó má ṣe jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, oorun lè gbé e ṣubú. Kí wọ́n tó gbéra, kí ẹnì kan ti pe ilé ìwòsàn ńlá, kó ka oríṣi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti inú káàdì fún wọn. Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́gàárì, mo dọ̀bálẹ̀. Gbèsè mi lọ́dọ̀ yín, lẹ́yìn ọdún ni.

Bàbá Ọdẹ kú ní oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Oògùn wọn, amlodipine, ẹyọ kan lójúmọ́ ni. Kò sí lára ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọjọ́ tí orí bá fọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń lò ó, wọ́n ń fi ẹyọ ọgbọ̀n gba oṣù méjì kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í fọ́ èèyàn lórí kó tó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹ̀yin tí wọ́n fún lóògùn rẹ̀, ẹ máa lò ó lójoojúmọ́, ara ìbáà dá yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, owó oṣù méjì ni àpótí jẹ wọ́n. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ gbèsè náà sílẹ̀, pẹ̀lú kálámù aláwọ̀ ewé, nítorí...

Ó dáa. Wọ́n jẹ èmi náà ní owó obì, 200 sẹ́fà. Mo ti fà á rẹ́. Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wọn sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn, ó ṣì ń tàn ju iná wa lọ.

Dépítẹ́ ti kọ ìbéèrè rẹ̀, ó ka ẹ̀dà rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ìdáhùn kò tíì dé. Tí oṣù kẹrin bá ṣí, ìwé ojú kan tuntun á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo fi ìlà kan kún un tí kò béèrè: iye ọjọ́ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fi tán lórí pẹpẹ wa.

A ti san owó oṣù méjì náà fún ìyàwó wọn. A sì ti rí aṣọ́de tuntun, ọmọ dáadáa, àmọ́ gíga ń bà á lẹ́rù. Ọyẹ́ sì ti dé. Lọ́la, kí oòrùn tó mú, èmi ni mo máa gun òrùlé lọ nu àwo náà. Ẹni tó bá wà nítòsí kó jọ̀ọ́ wá bá mi di ẹsẹ̀ àkàbà mú, nítorí mo ti sanra lọ́dún yìí.