Aago tí ó ń kú, tí ó ń jí

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò wa ni ó ní kí n bá àwọn ṣe aago ara ògiri tí yóò máa lu agogo fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ni aago náà ní, ọ̀pá iná méje ni mo sì fi ṣe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Iná LED oní-volt 12 tí wọ́n máa ń ká bí téèpù, irú 3528, ni mo gé sí i: ẹyọ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ lára rẹ̀, mẹ́ta kọ̀ọ̀kan a sì máa fa nǹkan bí 20 mA (mA ẹgbẹ̀rún kan ni amp kan). Ẹyọ mẹ́sàn-án ni mo fi sí ọ̀pá kan, ìyẹn 60 mA.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú adaptor 1 amp tí mo yọ lára router àtijọ́. Ó tàn yòò, agogo sì dún. N kò rò ó pé ọ̀pá méjì péré ni nọ́ńbà 1 ń gbà, àti pé 11:11 kò ju ọ̀pá mẹ́jọ lọ, tí í ṣe 480 mA.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo gbé e kọ́, ó ń ṣẹ́jú, mo sì rò pé wáyà ni. Nígbà tí aago mẹ́jọ lù, tí àwọn ọmọ ti tò lórí ìlà, 08:00 béèrè ọ̀pá 25, ìyẹn 1.5 amp, relay, ìyẹn switch tí bọ́ọ̀dù fi ń tan agogo, sì fà. Agogo dún ẹ̀ẹ̀kan, gbogbo iná sì kú. Nígbà tí ó jí, 00:00 ni ó ń gbé jáde, ọ̀pá 24 ni ìyẹn náà sì ń jẹ, nítorí náà ó tún kú. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí.

Ìṣirò tí ó yẹ kí n ti ṣe kò le. 88:88, tí ọ̀pá 28 ń tàn, jẹ́ 1.68 amp, àmì tóótòòtó (:) àárín jẹ́ 40 mA, bọ́ọ̀dù tí ó ń darí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 50 mA. Ní ti relay, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí 10A tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì kà á mọ́ ẹrù adaptor, bẹ́ẹ̀ iná tí ẹnu rẹ̀ lè gbé kọjá ni ìyẹn, agogo sì ń gba tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ NEPA. Wáyà tí a ká sínú relay nìkan ni adaptor ń bọ́: ohm 400 ni tèmi, volt 12 sì ń ti 30 mA gba inú rẹ̀ kọjá. Relay méjì ni mo lò, ìyẹn 60 mA.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.83 amp. Adaptor 2 amp ìbá gbé e, ṣùgbọ́n n kò gba ohun tí wọ́n ń kọ sára adaptor ọjà gbọ́ tán, mo sì máa ń fi ìdá mẹ́rin kún un, èyí tí ó mú un dé nǹkan bí 2.3. Oní-3 amp ni mo rà. Kí n tó gbé aago kankan jáde nísinsìnyí, mo máa ń fi 88:88 sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí relay méjèèjì sì fà pọ̀, lẹ́yìn náà ni n óò fi àtẹ́lẹwọ́ lé adaptor náà. Bí n kò bá lè ka oókan dé ogún kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀.