Tọ́bò Aláfọwọ́ṣe Lára Land Cruiser Àtijọ́: Ooru Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Máa Ṣọ́

Ẹ́ńjìnnì 1HZ, tí ilé-iṣẹ́ Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú Land Cruiser ní ọdún 1990, wà lára àwọn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí mo fọkàn tán jù lọ. Sílíńdà mẹ́fà ló ní, lítà 4.2 ni ìtóbi inú rẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà tí ń darí rẹ̀, mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ sì lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi ọdán kí ó sì tò ó padà. Agbára nìkan ló kù díẹ̀ káàtó fún un. Nǹkan bíi 130 agbára ẹṣin ni ó ń mú wá, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ tó ń wọ́ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì kí a tó di ẹrù kankan sí i. HZJ75 ni tèmi, èyí tó ní ẹ̀yìn gbọọrọ, iṣẹ́ oko ni mo sì ń fi ṣe. Ẹni tó bá ti di ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo pupa kún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó wá gba Ìta-Awúrẹ́ gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, yóò mọ bí ó ti ń rí nígbà tí a bá tẹ iná débi tí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, tí jíà kejì sì ń bẹ̀bẹ̀ fún jíà kìíní.

Àwọn ènìyàn gbà mí nímọ̀ràn pé kí n tà á, kí n ra èyí tó bá tọ́bò, ẹ̀rọ tí ń kì atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnnì, wá láti ilé-iṣẹ́. Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n nọ́sù tí ń tú dísẹ́ẹ̀lì sínú àwọn ẹ́ńjìnnì òde òní kò lè fara da omi àti ìdọ̀tí tó máa ń wà nínú dísẹ́ẹ̀lì tí à ń rà nínú kẹ́ẹ̀gì ní ìgbèríko. Ẹ́ńjìnnì tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ máa lò, kí agbára rẹ̀ sì lé díẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe pinnu pé kí a fi ọwọ́ ara wa so tọ́bò mọ́ ọn.

Tọ́bò kì í dá agbára sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹwìrì ń ṣe fún iná alágbẹ̀dẹ ni ó ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì: atẹ́gùn ló ń fún un. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lọ sínú sàlẹ́ńsà máa ń yí abẹ̀bẹ̀ irin kékeré kan, abẹ̀bẹ̀ yìí àti èkejì rẹ̀ sì jọ wà lórí ọ̀pá kan náà, èkejì náà ni ó ń fa atẹ́gùn láti inú fílítà tí ó sì ń kì í wọnú sílíńdà. Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Switzerland, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìlànà yìí ní Jámánì ní ọdún 1905, láti ìgbà náà ni ìlànà náà kò sì yí padà. Atẹ́gùn tó yí wa ká ń tẹ gbogbo nǹkan ní ìwọ̀n 14.7 psi, ìyẹn pọ́n-ùn lórí ínǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí tọ́bò bá fi 7 psi lé e, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì kún ohun tí sílíńdà ń rí gbà, àfi pé atẹ́gùn tí a kì mọ́lẹ̀ máa ń gbóná, ooru yẹn a sì jẹ díẹ̀ nínú èrè náà.

Ibi tí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ àti mẹkáníìkì ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ni ti ooru. Nínú ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù, bí bẹntiróòlù bá kéré sí atẹ́gùn ju bó ti yẹ lọ nígbà tí iṣẹ́ ń wọ ẹ́ńjìnnì lọ́rùn, ooru a máa pọ̀ débi tí písítìnì lè lu. Òdìkejì ni ti dísẹ́ẹ̀lì. Bí atẹ́gùn bá ṣe pọ̀ sí nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì kò lé ni ooru èéfín ṣe ń lọ sílẹ̀, bí a bá sì ń da dísẹ́ẹ̀lì sí i láìsí atẹ́gùn tó máa gbé e, èéfín dúdú a bo ojú ọ̀nà, ooru a sì máa gòkè láìdúró. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé tọ́bò ló ba ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì òun jẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó yí pọ́ǹpù tó ń pín dísẹ́ẹ̀lì fún un àti ohun tó fi wọn ooru nígbà tó ń yí i. Alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe písítìnì, nǹkan bíi 660°C sì ni alumíníọ́ọ̀mù máa ń yọ́. Kò tilẹ̀ nílò kó yọ́ kó tó dẹ̀ tí yóò sì là.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Toyota fúnra rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1990 kan náà ni ó gbé 1HD-T jáde, lítà 4.2 ni èyí náà, pẹ̀lú tọ́bò láti ilé-iṣẹ́, agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 165 agbára ẹṣin. Kò kàn lẹ tọ́bò mọ́ 1HZ lára. Ìfúnpọ̀ inú sílíńdà 1HZ, ìyẹn bí písítìnì ṣe ń kì atẹ́gùn mọ́lẹ̀ tó kí iná tó ràn, jẹ́ bíi 22 sí 1, ti 1HD-T kò ju 18.6 sí 1 lọ, orí písítìnì gan-an ni wọ́n sì ń tú dísẹ́ẹ̀lì sí nínú 1HD-T, nígbà tó jẹ́ pé inú ihò kékeré kan ní orí ẹ́ńjìnnì ni iná ti ń kọ́kọ́ ràn nínú 1HZ. Etí ihò kékeré yẹn ni ooru máa ń kó jọ sí, ibẹ̀ sì ni orí ẹ́ńjìnnì ti lè sán bí a bá fi agídí lò ó. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu pé 7 psi ni tèmi, ẹnikẹ́ni tó bá ń wá 15 tàbí 20 lára 1HZ tí a kò tíì tú inú rẹ̀ ṣe, kí ó lọ wá ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin ni a ti ra tọ́bò náà, CT26 tòkunbọ̀, irú èyí tí Toyota lò sára 1HD-T, nítorí pé ìtóbi ẹ́ńjìnnì méjèèjì bára mu. Tọ́bò tó bá tóbi jù a máa pẹ́ kó tó jí, èyí tó bá sì kéré jù a máa fún ẹ́ńjìnnì lọ́fun nígbà tí eré bá pọ̀. Ọlọ́jà fi ìka yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó yí dáadáa, ó sì ní kí a máa kówó bọ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi dá mi dúró: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì sanwó, ẹ jẹ́ kí n mi ọ̀pá rẹ̀ wò ná.” Ó mì í sọ́tùn-ún sósì, ó mì díẹ̀, ó ní èyí kò burú, nítorí pé orí ọ́ìlì ni ọ̀pá náà máa ń léfòó sí, kò sì sí ọ́ìlì nínú rẹ̀ lásìkò yẹn. Lẹ́yìn náà ó dì í mú, ó fà á síwájú, ó tì í sẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni kò gbọdọ̀ ti mì débi tí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ó tún wo etí abẹ̀bẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá eruku ti jẹ ẹ́, ó sì fi ìka nu inú ẹnu rẹ̀ bóyá ọ́ìlì wà níbẹ̀. Ìkẹta tí a yẹ̀ wò ni a rà.

Mánífóòdù, páìpù tó ń kó èéfín jọ láti inú àwọn sílíńdà, ni iṣẹ́ náà gan-an, òun ló sì yẹ kí a náwó àti àkókò lé. Irin àdàrọ ni mánífóòdù tó bá 1HZ wá, irú irin bẹ́ẹ̀ kì í sì í gba fífi iná jó pọ̀ bọ̀rọ̀, ibi tí a jó a máa sán bí ooru bá ti ń wá tó ń lọ. A fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, a sì ṣe tuntun láti ara páìpù irin tó nípọn àti pẹpẹ irin mílímítà 12. Kí wẹ́dà tó fi iná kàn án, a kọ́kọ́ fi bóòtù de pẹpẹ náà mọ́ orí ẹ́ńjìnnì kan tó ti bàjẹ́ tí a rí yá, nítorí pé iná ìjórin máa ń fa irin wọ́, pẹpẹ tó bá sì ti wọ́ kò ní jókòó lórí gásíkẹ́ẹ̀tì láé. Ó jó o díẹ̀díẹ̀, ó ń fo láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì kí ooru má bàa kó jọ sójú kan, a sì fi í sílẹ̀ mọ́jú kí a tó tú bóòtù kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èyí ni oníléèdì wá fá ojú rẹ̀ kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í rí. Irin tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà máa ń gùn sí i ní nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ bí ooru rẹ̀ bá fi 500°C lé. Orí ẹ́ńjìnnì tí omi ń tù kì í gùn bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá fi bóòtù kan mánífóòdù mọ́ ọn pinpin láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, nǹkan kan gbọ́dọ̀ já: bóòtù ni o, tàbí ojú ìjórin. Nítorí náà ni a ṣe fi ayùn gé pẹpẹ náà láàárín sílíńdà kan sí èkejì, tí a sì mú kí ihò bóòtù tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì fẹ̀ díẹ̀ kó lè máa rìn. Ọ̀pọ̀ mánífóòdù aláfọwọ́ṣe tí mo ti rí tó ń sán lásán, tí olówó rẹ̀ ń dá wẹ́dà lẹ́bi, àìṣe èyí ló fà á. A tún ṣe apá irin kan láti ara ẹ́ńjìnnì tó gbé ìwúwo tọ́bò náà, kó má bàa fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ páìpù.

Ọ̀pá inú tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì nìkan ló sì dúró láàárín rẹ̀ àti ìparun. Ibi tí géèjì ọ́ìlì ti ń gba àmì ni a ti fa páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ bá a. Èyí tó ń dá ọ́ìlì padà ni kò gbọdọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ́ìlì tó jáde nínú tọ́bò ti di ìfófòó, kò sì sí ohun tó ń tì í, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ni ó fi ń sọ̀ kalẹ̀. Họ́ọ̀sì rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó máa lọ sísàlẹ̀ tààrà láìká kọ́rọ́, kó sì wọ páànù ọ́ìlì níbi tó ga ju ojú ọ́ìlì lọ. A sọ páànù náà kalẹ̀ pátápátá kí a tó lu ihò náà, nítorí pé èérún irin kan ṣoṣo tó bá bọ́ sínú rẹ̀ tó láti ba bíárìn jẹ́. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tọ́bò sí tó ń tú èéfín búlúù, ẹ wo họ́ọ̀sì yìí kí ẹ tó sọ pé tọ́bò ló bàjẹ́.

Ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí náà kò ṣe é gbàgbé. Inú mánífóòdù atẹ́gùn, èyí tí atẹ́gùn ń gbà wọ àwọn sílíńdà, ni họ́ọ̀sì rẹ̀ ń já sí tẹ́lẹ̀. Tí a bá fi í síbẹ̀ lẹ́yìn tí tọ́bò ti dé, tọ́bò yóò máa fẹ́ atẹ́gùn wọnú ikùn ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì yóò sì máa wá ojú ibi tí yóò gbà jáde. Àárín fílítà àti tọ́bò ni a gbé e lọ. Gbogbo ojú ìsopọ̀ láti fílítà dé ẹnu tọ́bò ni a sì fún pinpin, torí eruku ọyẹ́ tó bá rí àlàfo wọlé yóò jẹ abẹ̀bẹ̀ náà tán, yóò sì tún bá ògiri sílíńdà jà.

Kí a tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù rárá ni a ti fi géèjì méjì síwájú mi: ọ̀kan fún agbára atẹ́gùn, èkejì fún ooru èéfín. Inú mánífóòdù, kí èéfín tó dé inú tọ́bò, ni ọ̀pá tí ń gbọ́ ooru náà wà. Àwọn kan máa ń fi í sẹ́yìn tọ́bò nítorí ìbẹ̀rù pé ó lè já wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ooru tó wà lẹ́yìn tọ́bò lè fi 100°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín sí ti iwájú, ti iwájú yìí sì ni orí písítìnì ń rí. Bí a ti ń wa ọkọ̀ náà láìtíì fi dísẹ́ẹ̀lì kún un, ooru rẹ̀ lọ sílẹ̀, èéfín dúdú tó máa ń tú lórí òkè kúrò, ó sì ti rọrùn láti wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá tẹ́ lọ́rùn níbẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan. Èmi fẹ́ díẹ̀ sí i, nítorí náà ọ̀gá mi yí bóòtù tó ń pín dísẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn pọ́ǹpù náà. Ìdá kẹjọ ìyípo ni ó ń yí i nígbà kan, a ó gbé ẹrù, a ó gun òkè, a ó wo géèjì, a ó padà wá. 650°C ni mo fi ṣe ààlà fún òkè gígùn. Ibi tí ó dúró sí báyìí, pẹ̀lú ẹrù kíkún nínú ọ̀sán gangan, jẹ́ nǹkan bíi 620.

Jíà kẹta ni mo fi ń gun ibi tí mo ti ń fi kejì gùn tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ mi kì í sì í kan ilẹ̀ mọ́. Bí mo bá dé orí òkè, mi ò kì í pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo máa ń jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ọ́ìlì tó wà nínú tọ́bò má bàa jóná mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Kìlómítà 5,000 ni mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì, láìfi ọjọ́ kan yẹ̀ ẹ́. Bíréèkì iwájú ni a tún yẹ̀ wò tí a sì tún ṣe, nítorí ọkọ̀ tó ń yára gòkè yóò yára sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó kù tí mo ṣì ń gbèrò ni rédíétọ̀ tó ń tu atẹ́gùn kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ó lè fa ooru wálẹ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n àyè iwájú HZJ75 kò tó nǹkan, bí a bá sì gbé e síwájú rédíétọ̀ omi, ó lè dí atẹ́gùn tí èyíinì ń gbà. Títí a ó fi rí ibi tó tọ́ fún un, 7 psi ni mo wà.