Wákàtí mélòó ni wọ́n ń gbà?

Sunday tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo ti di móínmóín mi sínú ọ̀rá, mo ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nínú báàgì, ni ìyá kan bá dá mi dúró ní páàkì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní "Dókítà wa," mo ní ó ṣì ku ọdún méjì mà, wọ́n ní ó ti dé. Wọ́n wá fà mí mọ́ra, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìdílé: "Wákàtí mélòó gan-an ni wọ́n ń gbà? Ti fọ́lọ́ńtíà yẹn, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn. Àbúrò ẹ fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù sùkúù ìṣègùn ní May, wọ́n ní ọmọ aládùúgbò wa ní irinwó." Ẹ ò rí i pé bí ẹni ń bèèrè iye kóńgò gààrí ni.

Mi ò bá wọn wí o. Níbi tí wọ́n ti wá, nọ́ńbà ló ń gbé èèyàn wọlé. JAMB á ní kó o jókòó ṣe English, Biology, Chemistry àti Physics, máàkì á jáde lórí 400, yunifásítì á sọ iye tí òun ń fẹ́, ó ku post-UTME, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa bi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún pé ṣé o ti gbé omi fún arúgbó tí kì í ṣe ìyá-ìyá ẹ rí. Níbí ní Amẹ́ríkà ńkọ́, o máa kọ́kọ́ gba degree ọdún mẹ́rin, o máa ṣe MCAT, ìdánwò àtiwọ sùkúù ìṣègùn, tí máàkì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 472 tó parí sí 528 (ìdí tí kò fi bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹ má bi mí), wọ́n á tún wá ní kó o jókòó sọ ohun tó o fi ọwọ́ ara ẹ ṣe fún àwọn èèyàn.

AMCAS ni fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ sùkúù ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ń lò, Texas nìkan ló tún ní TMDSAS tiẹ̀ lọ́tọ̀ fún àwọn sùkúù ibẹ̀. Nínú AMCAS, ibì kan wà tó ń jẹ́ Work and Activities, àyè 15 ló wà níbẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàá kọ ìgbà tó o bẹ̀rẹ̀, iye wákàtí, orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè láti wádìí ẹ, àti àlàyé tí kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 700 lọ, àlàfo wà lára ẹ̀ o. Wàá mú mẹ́ta pé àwọn ló jọ ẹ́ lójú jù, wọ́n á fún ẹ ní lẹ́tà 1,325 sí i fún ìyẹn. Torí náà wákàtí yẹn máa hàn gedegbe, ẹni tó bá ní kó o má ronú nípa nọ́ńbà rárá ń tàn ẹ́ ni.

Àmọ́ iye tí wọ́n ń gbà, AAMC, ẹgbẹ́ àwọn sùkúù ìṣègùn tó ni fọ́ọ̀mù náà, kò fi iye kankan lélẹ̀. Sùkúù tó bá ní iye tó ń fẹ́ á kọ ọ́ sórí wẹ́ẹ̀bù ẹ̀. Rush, sùkúù ìṣègùn kan ní Chicago, wà lára àwọn tó sọ ọ́ síta, 150 fún iṣẹ́ ìlú, 150 fún ibi ìtọ́jú aláìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sọ nǹkan kan, àwọn advisor, ìyẹn àwọn tó ń gba ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nímọ̀ràn, ló máa ń dá nọ́ńbà sílẹ̀, èyí tí mo sì máa ń gbọ́ jù ni 100 sí 200 nítòsí aláìsàn, bí irú iye yẹn náà fún àwọn aláìní, àti 40 sí 50 fún shadowing. Shadowing kì í ṣe fọ́lọ́ńtíà o, dókítà lò ń wò bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìwọ gan-an ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ má pa á pọ̀.

Ó dáa, ẹni tó bá wá gba nọ́ńbà nìkan lè máa lọ báyìí. Ẹni tó bá lè dúró, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú mi ṣe rí i.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ fọ́ọ̀mù, mo ti ń ṣe iṣẹ́ GNA, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, láti ọdún kejì mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ohun tí wọ́n ń pè ní CNA níbòmíì ni, Maryland ló fún ti ilé àwọn arúgbó ní orúkọ tiẹ̀. Alẹ́ Friday, alẹ́ Saturday, gbogbo ọlidé. Mo ti yí àwọn bàbá tó sanra ju bàbá mi lọ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti fọ ẹnu fún ìyá kan tó rò pé èmi lọmọ òun tó ti kú, tó máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo pẹ́. Wákàtí ẹ̀ lé ní 2,000. Ṣé ẹ mọ ibi tí mo kọ ọ́ sí? Àyè kẹtàlá, ìlà méjì péré. Torí ìyá mi ń ṣe é, àǹtí mi ń ṣe é, ìdajì choir ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe é, lójú mi iṣẹ́ tí wọ́n fi ń san owó iná ni, kì í ṣe nǹkan téèyàn á gbé síwájú àwọn dókítà. Fọ́lọ́ńtíà tí mo ní, wákàtí 22. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe health fair ọjọ́ méjì, mo bá wọn wo BP. Ìyẹn ni mo wá fi ṣe èyí tó jọ mí lójú jù, mo fi gírámà kún un títí lẹ́tà fi tán.

Sùkúù 19 ni mo kọ̀wé sí. Méjì pè mí sí intafíù, kò sí èyí tó gbà mí.

Ọ̀kan nínú wọn máa ń bá ẹni tí wọn ò gbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ni mo bá pè. Obìnrin tó gbé e ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ rárá. Ó ní kí ló dé tí iṣẹ́ 2,000 wákàtí wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣé ojú ń tì mí ni? Mo dákẹ́. Ó ní èkejì ni pé gbogbo ẹni tí mo ràn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú fọ́ọ̀mù yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí fún bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko, lẹ́yìn náà ni mo rí i pé òótọ́ ló sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí àkọ́kọ́, torí òun ló ń pa àwọn ọmọ wa jù. Owó tí wọ́n san fún ẹ ò ní kí iṣẹ́ yẹn má jẹ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní ẹni tó bá fẹ́ di CNA gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ fún ó kéré tán wákàtí 75, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. EMT, àwọn tó ń tọ́jú èèyàn nínú áńbúláǹsì, náà ń kà, scribe, ẹni tó ń bá dókítà kọ àkọsílẹ̀, náà ń kà. Àwọn premed, àwọn tó ń múra sí sùkúù ìṣègùn, ní òwe kan tí wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀: tó o bá sún mọ́ aláìsàn débi tó o fi ń gbọ́ òórùn ẹ̀, ó kà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe night shift nílé arúgbó, ẹ sọ fún mi, òórùn wo lẹ ò tíì gbọ́? Ẹ gbé e lọ sókè, ẹ kọ ọ́ dáadáa, ẹ sọ nípa ìyá tó ń pè yín lọ́mọ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ló le. Iṣẹ́ owó ò dípò iṣẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n á ṣì fẹ́ mọ ibi tó o máa ń lọ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún ẹ. Bàbá mi máa ń sọ nípa àáró àti ọ̀wẹ̀. Tó bá jẹ́ àáró, ẹ jọ ń ro oko ara yín ni, lónìí tèmi, lọ́la tìẹ, kálukú sì ń fojú ka ebè tí ẹnì kejì kọ. Ọ̀wẹ̀ ní tiẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọ́lé ló máa bẹ àwọn èèyàn, á se oúnjẹ, á wá ẹmu, kò sí pé mo ṣe tìẹ, wá ṣe tèmi. AMCAS wá fẹ́ ká ṣe ọ̀wẹ̀, ká sì kà á bí ẹni ka ebè àáró. Ó rí bákan, mo mọ̀, kò sì tíì dẹ̀ mí lọ́rùn títí dòní. Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an, tá a bá ní ká sọ tòótọ́, àáró ló pọ̀ níbẹ̀: mo bá ẹ sìnkú, o bá mi ṣe ìkómọ. Ó dára, kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní àyè tiẹ̀. Ohun tí obìnrin yẹn ń bi mí ni pé ta lo ràn lọ́wọ́ tí kò ní wá síbi ìgbéyàwó ẹ?

Mo wá food pantry kan, ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ò jìnnà sílé wa ní PG County ní Maryland, àárọ̀ Saturday, wákàtí mẹ́ta. Nígbà míì night shift ni mo ti ń bọ̀, ojú mi á pọ́n bí ata. Kò sí nǹkan ìwúrí kankan níbẹ̀, agolo ni mo ń yà sọ́tọ̀, ẹ̀wà síbí, tòmátì sọ́hùn-ún, kí n yọ èyí tí ọjọ́ ẹ̀ ti kọjá. Nígbà tó di bí oṣù kẹta, ìyá àgbàlagbà kan, ará El Salvador, tó máa ń kí mi tẹ́lẹ̀ tó ń kọjá lọ, dá agolo ọbẹ̀ mẹ́rin padà sọ́wọ́ mi. Ọmọ-ọmọ ẹ̀ túmọ̀ fún mi pé dókítà ní kí màmá yé jẹ iyọ̀. Mo wo ara agolo náà, mo ṣírò ẹ̀: sodium inú agolo kan péré ti fẹ́ tó 2,300 miligíráàmù tí wọ́n ní kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́. Àwa la sì ń kó mẹ́rin mẹ́rin fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru! Mo bẹ ọ̀gá ibẹ̀ kó fún mi ní ṣẹ́lífù kan, mo fi máákà kọ "low sodium" sí i lédè Gẹ̀ẹ́sì àti Spanish, a sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa fi omi ṣan ẹ̀wà agolo kí wọ́n tó jẹ ẹ́, torí iyọ̀ ẹ̀ máa ń dín kù.

Saturday 52 ni mo lọ, wákàtí 156. Tó bá jẹ́ pé mo ti kó gbogbo ẹ̀ jọ sínú ọlidé oṣù kan ni, nọ́ńbà kan náà ló máa jẹ́, àmọ́ màmá yẹn ò ní bá mi sọ nǹkan kan, torí ó tó oṣù mẹ́ta kó tó yá a lára láti dá agolo padà fún mi. Ní intafíù níbi tí wọ́n ti gbà mí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú tá a fi sọ̀rọ̀ ṣẹ́lífù yẹn.

Tó o bá fẹ́ ti ọsibítù, tètè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wádìí orúkọ ẹ, wọ́n á ṣe TB test fún ẹ, wọ́n á bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ, ìyá ẹ á sì ní ó wà nínú àpótí kan ní Ìbàdàn. Ó lè gba oṣù méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó fún ẹ ní ẹ̀wù, tí wọ́n bá sì wá fún ẹ ní ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó nísàlẹ̀, rọra bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ẹ lọ sókè lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti àwọn òbí tó ń fi ọmọ ránṣẹ́ sílé ní July sí ọsibítù bùọ̀dá wọn. Bùọ̀dá á ní wá gún abẹ́rẹ́ yìí, wá rán ojú egbò yìí, ọmọ á ya fọ́tò, á padà wá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù bí ẹni gba góòlù. AAMC ní ìwé ìtọ́sọ́nà lórí irú ẹ̀, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni pé ohun tí wọn ò lè jẹ́ kó o ṣe níbí, má ṣe é níbòmíì. Mo mọ ẹnì kan tí wọ́n bi ní intafíù pé, ní Maryland, ṣé wọ́n á jẹ́ kó o rán ẹnikẹ́ni? Ó ní rárá. Wọ́n ní ará Ṣàgámù yẹn wá ńkọ́? Kò rí nǹkan fi dáhùn. Lọ sílé o, kí ìyá-ìyá ẹ, jókòó ti bùọ̀dá, máa wò, jẹ́ kí ọwọ́ ẹ wà nínú àpò.

Ti irọ́ ńkọ́, 40 tó di 400? Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọ́n lè pè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mi ò rí ẹnu sọ ní páàkì ni pé tó bá jẹ́ òdo ni wákàtí ọmọ ìyá yẹn ní báyìí, kó má kọ fọ́ọ̀mù ní May yìí. Fọ́ọ̀mù ní àyè fún wákàtí tó o ṣì máa ṣe lọ́jọ́ iwájú lóòótọ́, àmọ́ ìlérí ni gbogbo ìyẹn. Kó dúró ọdún kan. Mo mọ̀ pé gap year létí òbí Yorùbá dà bí ìgbà tí wọ́n ní ọmọ ti fi sùkúù sílẹ̀, àmọ́ ó ju ìdajì àwọn tó ń wọlé lọ tó ti lo ó kéré tán ọdún kan lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èmi náà wà lára wọn, kì í sì í ṣe pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Sha, ohun tí mo sọ fún ìyá ni pé kí àbúrò mi wá bá mi ní pantry ní Saturday, aago mẹ́sàn-án, kó wọ bàtà tó bò ó lẹ́sẹ̀. Mo ní ká kọ́kọ́ rí i bó bá máa padà wá ní Saturday kejì. Wọ́n ṣàdúrà fún mi gan-an, mo ṣe àmín, mo ti jókòó sínú mọ́tò, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ni wọ́n tún kan gíláàsì.

"Ṣé wọ́n á fún un ní sẹ́tífíkéètì?"