Ṣé Kí N Ra Ẹ̀rọ Defibrillator Sílé?

Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2021, tí Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù Denmark, ṣubú lójijì lórí pápá ní Copenhagen, tí wọ́n tẹ àyà rẹ̀, tí wọ́n sì fi iná mànàmáná inú ẹ̀rọ defibrillator ta ọkàn rẹ̀ jí, ni ó ti ń wù mí láti ra irú rẹ̀ sínú ilé wa ní London. Ó ṣe tán, inú ilé ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dáṣẹ́ dúró, kì í ṣe orí pápá. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń yẹ lílù ọkàn wò, kì í sì í ta ẹni tí kò yẹ kí ó ta, nítorí náà lílò rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù. Owó rẹ̀ ni ó ń bà mí lẹ́rù, nítorí pé bátìrì àti páàdì tí a ń lẹ̀ mọ́ àyà a máa kọjá àsìkò wọn, a ó sì máa pààrọ̀ wọn, yálà a lò wọ́n tàbí a kò lò wọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà nílé, ta ni yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi láyà? Èmi àti ọkọ mi yóò kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń tẹ àyà, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ ṣì lè dúró ná.