Èènì tí mo fi sí fúláwà ló ba kéèkì mi jẹ́

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí, àyà mi ṣì ń já tí mo bá rántí.

Kéèkì àádọ́rin ọdún màmá oníbàárà mi kan ni, n'Íbàdàn níbí. Ìlànà láti Amẹ́ríkà ni mo tẹ̀ lé: ife fúláwà mẹ́ta. Mo sọ ọ́ di mẹ́fà torí èrò pọ̀. Ife ìdíwọ̀n gidi ni mo lò o, kì í ṣe ife tíì, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò ní irinṣẹ́.

Adarí ètò ní ká pe lẹ́tà orúkọ Jésù bí a ṣe máa ń ṣe. "J!" Gbogbo gbọ̀ngàn gbè é. "E!" Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, inú mi ń dùn. Nígbà tí wọ́n dé "S" ìkẹyìn, màmá ki ọ̀bẹ bọ kéèkì. Áísìn ojú rẹ̀ ya, ọ̀bẹ dúró. Màmá tún tì í. Àwọn ọmọ wọn méjì bá wọn di ọ̀bẹ mú kó tó wọlé, ló bá fọ́ wẹ́wẹ́ bí búrẹ́dì ọjọ́ kẹrin. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ta ló ṣe èyí?" Oníbàárà mi rọra sún mọ́ mi: "Àǹtí, ṣé ẹ ò tọ́ ọ wò ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Mo dá ìdajì owó padà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ófùn gbóná dáadáa. Ẹyin kò bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe búrẹ́dì ló gbé síkéèlì wá, ó ní kí n wọn fúláwà bí mo ṣe máa ń wọ̀n ọ́n. Mo ki ife bọ àpò, mo gbọ̀n ọ́n mọ́ tábìlì, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, mo tún bu díẹ̀ lé e. Gíráàmù 160! Nǹkan bíi 120 ni ife kan yẹ kó jẹ́. Ife mẹ́fà mi di 960 dípò 720, bí ẹni bu odidi ife méjì kún un.

Ọwọ́ ọjà ni. Láti kékeré, tí wọ́n bá rán mi ní gàrí kóńgò kan, mo mọ̀ pé kí n bẹ alágàárì kó gbọ̀n ọ́n, kó ga lórí, kó sì fi èènì sí i. Ọwọ́ yẹn náà ni mo gbé dé ìdí fúláwà.

Nítorí náà, ẹ má gbọn ife fúláwà. Ṣíbí ni kí ẹ fi bù ú sínú ife, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ dọ́gba.

Ẹ má sì gba ẹni tó bá ní ife kan, iye gíráàmù kan náà gbọ́: ṣúgà 200, bọ́tà 227, omi bíi 237, fúláwà 120. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, fúláwà nìkan ni ọwọ́ lè sọ di nǹkan mìíràn báyẹn.

Àwọn kan á ní ìyá wa kò lo síkéèlì rí. Òótọ́ ni, ìyá mi náà kò lò ó. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó bá ki ṣeé bu omi sí. Kéèkì tó bá ti wọ ófùn ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Mo tún un sọ: ẹ má gbọn fúláwà.

Mo ti ra síkéèlì tèmi, kéèkì tí mo ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé abọ́ òfìfo lé síkéèlì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo, kí ẹ tó bu ohunkóhun sí i.