Fi Ìka Kan Tọ́ka Sí I: Ohun Tí Ìgúnpá Mi Kọ́ Mi

Ọdún 6 ni mo fi ju bọ́ọ̀lù jẹun nínú béésìbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní àwọn líìgì kékeré tó wà lábẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ńlá. N kò dé òkè pátápátá. Ní báyìí, àwọn ọmọ tó fẹ́ di pitcher, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ fi igi gbá a, ni mò ń kọ́ ní Texas, àwọn òbí Yorùbá sì máa ń mú ọmọ wọn wá bá mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń kọ́kọ́ bá wọn sọ: ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lè sọ pé apá ń ro òun láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Èmi bẹ̀rù. Ọdún kẹrin mi ni, mo wà ní Double-A, ìpele kan nínú àwọn líìgì kékeré náà. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń fọ eyín láàárọ̀, torí ọ̀tún kò ṣeé ká dé ẹnu. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá rí mi, kò sọ nǹkan kan. Lásìkò yẹn, owó wa kò tó nǹkan. Àdéhùn ọdún 2023 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé owó tó kéré jù ní Double-A dé dọ́là 30,250 lọ́dún. Ohun tí àwa ń gbà kò tó ìdajì rẹ̀. Bí o bá sì ní ara rẹ kò yá, ẹlòmíì ti ń dúró de ipò rẹ. Mo mú un mọ́ra.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, mo ju slider kan, bọ́ọ̀lù tó máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nǹkan já nínú ìgúnpá mi bí ìgbà tí èèyàn bá fa òwú já. Ọmọńdinrín mi àti ìka tó tẹ̀ lé e kú, bíi pé wọn kì í ṣe ara mi mọ́. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e kò dé ọ̀dọ̀ catcher, ẹni tó yẹ kó hán an.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi, orúkọ pitcher kan ni wọ́n fi ń pè é: Tommy John. Ní 1974, dókítà Frank Jobe mú iṣan láti apá ọ̀tún Tommy John, ó fi í rọ́pò èyí tó já ní ìgúnpá òsì. Tommy John padà sí pápá ní 1976, ó sì tún borí nínú ìdíje 164 lẹ́yìn náà. Ohun tí gbogbo èèyàn ń rántí nìyẹn. Èmi lo ọdún kan àtààbọ̀ kí n tó tún gun òkìtì tí pitcher máa ń dúró lé, iyára bọ́ọ̀lù mi kò sì padà bọ̀ sípò. Nígbà tí wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì láti dá mi dúró, ọ̀rọ̀ náà kò pé ìṣẹ́jú 5.

Ìtàn Mel Stottlemyre, pitcher ẹgbẹ́ Yankees nígbà kan rí, ló fún mi nígboyà láti di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Èjìká ló lé e kúrò lórí òkìtì ní 1974, síbẹ̀ òun ló ń kọ́ àwọn pitcher ẹgbẹ́ Mets nígbà tí wọ́n gba ife ní 1986, òun náà ló wà pẹ̀lú Yankees nígbà tí àwọn náà gbà á ní 1996, 1998, 1999 àti 2000. Àmọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ mi, apá tèmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo ní kí ọ̀dọ́kùnrin kan gbé ìgúnpá sókè bí mo ṣe ń gbé e, ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù gún régé tẹ́lẹ̀ kò wá mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ mọ́. Mo padà lọ bẹ̀ ẹ́. Látìgbà náà, mo máa ń wo ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó la ẹnu.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa ka iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ ń jù. Ìlànà tí MLB, líìgì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, àti USA Baseball, àjọ béésìbọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà, gbé jáde ni pé kí ọmọ ọdún 9 sí 10 má ṣe ju 75 lọ lójúmọ́, ọdún 11 sí 12, 85, ọdún 13 sí 16, 95. Bí ọmọ tí kò tíì ju ọdún 14 lọ bá ju 66, ọjọ́ 4 ni kó fi sinmi. Ọmọ tó ń gbá fún ẹgbẹ́ méjì ló ń kó sí wàhálà jù, torí akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ nìkan ló ń kà. Ìwé yín ló máa pa méjèèjì pọ̀.

Ẹ má sì bi í pé, “Ṣé apá wà dáadáa?” Bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Ẹ ní kó fi ọwọ́ hàn yín ibi tó ń ro ó. Bó bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo apá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Bó bá fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí egungun inú ìgúnpá, ẹ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ ọdún 14 kan fi ìka kan tọ́ka níbẹ̀ láàárín ìdíje, mo sì yọ ọ́. Bàbá rẹ̀ sáré wá bá mi lẹ́yìn wáyà: “Coach, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ju díẹ̀ sí i, ibi iṣẹ́ ni mo ti tọrọ àyè wá.” Mo ká ọwọ́ ẹ̀wù mi sókè, mo fi àpá mi hàn án. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló gba báàgì lọ́wọ́ ọmọ, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀.

Dókítà ní kó sinmi oṣù 2. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ju bọ́ọ̀lù 20, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bàbá rẹ̀ ló ń kà á.